Ẹ̀yìn Àwòrán àti Òtítọ́: Àgbéyẹ̀wò Fífi Kọ̀ǹpútà Pààrọ̀ Ibi tí Ènìyàn Dúró sí nínú Fọ́tò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fún un ní ìrísí tí ó gún régé. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Ìdájọ́.

Ìfáárà

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn kò ṣòro láti sọ. Bí ènìyàn bá ya fọ́tò nínú ilé-ìyàwòrán kan ní Kano, ní Accra tàbí ní Ìlọrin, tí ayàwòrán sì fi kọ̀ǹpútà yọ ògiri tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, tí ó fi Kábà rọ́pò rẹ̀, ǹjẹ́ irọ́ ni a pa? Bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni ó pa á: ṣé ẹni tí a yà ni, ṣé ẹni tí ó yà á ni, tàbí ẹni tí ó gbé fọ́tò náà kiri? Bí kì í bá sì í ṣe irọ́, kí ni ó fà á tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń kọ onígbàgbọ́ lóminú nígbà tí ó bá mọ̀ pé ẹni tí òun ń wò níwájú Ilé Ọlọ́hun kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Mọ́kà rí?

Àwọn onímímọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí yíya àwòrán ẹ̀dá ẹlẹ́mìí. Àpilẹ̀kọ yìí kò fẹ́ tún ìjà náà jà. Ohun tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹni tí a yà ni ó kọjú sí. Èrò wa ni pé ẹ̀yìn àwòrán jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí a ń bá olùwò sọ, àti pé ìdájọ́ ọ̀rọ̀ náà dúró lórí ohun méjì: ohun tí olùwò ń gbọ́ nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwùjọ rẹ̀, àti ohun tí ẹni tí ó ni fọ́tò fẹ́ gbà lọ́wọ́ olùwò náà.

Ìtàn àṣà náà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà

Kí a má rò pé kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní àrà yìí. Ní ọdún 1948 ni Seydou Keïta ṣí ilé-ìyàwòrán rẹ̀ ní Bamako, olú-ìlú Mali. Aṣọ ni ó máa ń ta sí ẹ̀yìn àwọn oníbàárà rẹ̀. Aṣọ orí ibùsùn tirẹ̀ gan-an ni ó kọ́kọ́ lò. Bí ọdún díẹ̀ bá ti kọjá ni ó ń pààrọ̀ aṣọ náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé aṣọ ẹ̀yìn ni òun fúnra rẹ̀ fi ń dá ọdún tí ó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ̀ nígbà tí ó dàgbà. Ó sì ní kóòtù, táì, aago ọwọ́ àti rédíò nílẹ̀, tí oníbàárà lè yá lò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí yóò fi yàwòrán. Ní Shama, ní etíkun Ghana, Philip Kwame Apagya lo aṣọ tí wọ́n fi ọ̀dà ya nǹkan sí: ọkọ̀ òfurufú tí oníbàárà dà bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀, àti pálọ̀ tí ó kún fún tẹlifíṣọ̀n àti ohun èlò ìgbàlódé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Stephen Sprague kọ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1978, nínú èyí tí ó ṣàlàyé bí àwọn ayàwòrán ṣe ń tẹ àwòrán ìbejì tí ó kù láyé lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé èyí tí ó ti lọ jókòó ti ìkejì rẹ̀.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí, àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo àwòrán Shama dáadáa yóò rí i pé ọ̀dà ni ọkọ̀ òfurufú náà. Àwọn ará ilé ìbejì mọ̀ pé ọmọ kan ni ó kù. Àwọn ni wọ́n sin ìkejì. Aṣọ ẹ̀yìn kò fi ara rẹ̀ pamọ́. Ó ń sọ fún olùwò pé, "Eré ni a ń ṣe," tàbí pé, "Ìrántí ni èyí." Kóòtù àyálò ti Bamako nìkan ni ó sún mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti le, nítorí pé kóòtù gidi ni, ìbátan tí a bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí lókèèrè kò sì ní ọ̀nà láti mọ̀ pé àyálò ni. A ó padà sórí aṣọ àyálò yìí.

Ohun tí kọ̀ǹpútà mú wọ inú rẹ̀

Ní ọdún 1990 ni ètò Photoshop kọ́kọ́ jáde, ó sì di ohun èlò àwọn ilé-ìyàwòrán wa díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà kan ni kí a ya ènìyàn níwájú aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ búlúù, kí kọ̀ǹpútà sì yọ gbogbo ibi tí àwọ̀ náà wà kúrò, kí ó fi àwòrán mìíràn dí i. Ọ̀nà kejì ni kí oníṣẹ́ fi ọwọ́ tọ etí ara ẹni náà yíká, kí ó gé e kúrò nínú ibi tí ó wà. Lóde òní, fóònù lásán lè dá ènìyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ láìsí aṣọ kankan, iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ń fi wákàtí ṣe ti di ti ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ní ọdún 2020, tí ìpàdé àti ẹ̀kọ́ kó sórí Zoom, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò wọ ilé-ìyàwòrán rí kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀yìn mìíràn bo yàrá ẹni.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin aṣọ ọlọ́dà àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ju ti ẹwà lọ. Aṣọ ọlọ́dà ní àmì tí olùwò fi ń mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó dára ni èyí tí kò ní àmì: ìmọ́lẹ̀ ojú ènìyàn bá ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn mu, òjìji rẹ̀ sì bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Bí oníṣẹ́ bá ti mọ iṣẹ́ tó ni olùwò ṣe ń pàdánù àǹfààní láti mọ òtítọ́ tó. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀ṣọ́, tí ó wọ inú ìwà.

Ìdájọ́ fọ́tò fúnra rẹ̀

Kí a tó lọ jìnnà, kí a sọ ohun tí a gbé ọ̀rọ̀ wa lé. Àwọn onímímọ̀ mazhab Máálíkì, èyí tí ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, fi ìyàtọ̀ sáàrin ère tí ó ní òjìji àti àwòrán tí kò ní òjìji. Wọ́n le mọ́ ti àkọ́kọ́ ju ti èkejì lọ. Nígbà tí fọ́tò dé, Ṣéù Muhammad Bakhit al-Mutii, ẹni tí ó ti jẹ́ Mùfútì ilẹ̀ Íjíbítì, kọ ìwé láti fi hàn pé dídá òjìji dúró ni fọ́tò, pé kò wọ inú àwòrán tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) kọ̀. Ṣéù Yusuf al-Qaradawi náà gba fọ́tò láàyè nínú ìwé rẹ̀ lórí halálì àti harámù tí ó jáde ní ọdún 1960, ó sì so ìdájọ́ rẹ̀ mọ́ ohun tí a yà àti ìdí tí a fi yà á. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kọ̀ ọ́ àyàfi nígbà tí ó bá pọn dandan, bíi ti ìwé ìrìnnà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ẹ̀rí ti Ṣéù Bakhit. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó mú fọ́tò yàtọ̀ sí àwòrán ọwọ́ ni pé òjìji ohun tí ó wà níwájú ẹ̀rọ ni a dá dúró, a jẹ́ pé fọ́tò gba ọlá rẹ̀ láti inú òtítọ́ rẹ̀. Nígbà tí a bá wá fi òjìji Mọ́kà mọ́ òjìji ọkùnrin tí ó wà ní Kano, a ti kúrò ní dídá òjìji dúró, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun òmíràn. A kò sọ pé èyí sọ ọ́ di harámù. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá gbára lé ẹ̀rí yìí láti ya fọ́tò kò lè tún gbára lé e láti pààrọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Yóò wá ẹ̀rí mìíràn.

Ǹjẹ́ ohun tí kò lẹ́nu lè purọ́?

Ímáámù An-Nawawi ṣàlàyé pé irọ́, lọ́dọ̀ àwọn Ahlu Sunna, ni kí a fúnni ní ìròyìn ohun kan lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí bí ohun náà ti rí. Ẹ̀ṣẹ̀ sì ń bẹ nínú rẹ̀ bí ẹni náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹnìkan lè sọ pé fọ́tò kò sọ ọ̀rọ̀, nítorí náà kò lè fúnni ní ìròyìn. Ṣùgbọ́n òfin wa kò fi ìròyìn mọ sí ẹnu. Nínú mazhab Máálíkì, títà àti rírà a máa dúró pẹ̀lú ohunkóhun tí ó bá fi ìyọ́nú hàn, ìbáà jẹ́ kí ẹnìkan na owó kí ìkejì sì na ọjà láìsọ̀rọ̀. Bí ìṣe bá lè so àdéhùn, ìṣe lè jẹ́ irọ́.

Ẹ̀rí tí ó fi èyí hàn jù lọ ni hádíìsì tí Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, nípa ọkùnrin tí ń ta oúnjẹ oníhóró. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) ti ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ìka rẹ̀ sì kan omi. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wọn. Ọkùnrin yìí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé oúnjẹ òun gbẹ. Òkè òkìtì ni ó sọ ọ́ fún un.

Ẹ̀rí kejì sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jùyẹn lọ. Búkhárì àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Asma ọmọ Abu Bakr pé obìnrin kan bi Ànábì (SAW) bóyá ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́rùn òun bí òun bá ṣe bí ẹni pé ọkọ òun fún òun ní ohun tí kò fún òun, kí orogún òun lè rí i. Èsì Ànábì ni pé ẹni tí ó bá ṣe bí ẹni tí ó yó pẹ̀lú ohun tí a kò fún un dà bí ẹni tí ó wọ aṣọ irọ́ méjì. Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Obìnrin náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó fẹ́ gbà kò ju ojú tí orogún rẹ̀ yóò fi wò ó. Síbẹ̀ aṣọ irọ́ ni Ànábì pè é.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀rí kẹta kalẹ̀, kí a má baà ká gbogbo ayé mọ́ ibi tí Ọlọ́hun kò ká wọn mọ́. Nínú Sunan Abu Dawud, Ànábì (SAW) rí ẹṣin ìṣeré Aisha láàrin àwọn ọmọláńgidi rẹ̀, ó ní ìyẹ́ méjì tí wọ́n fi àkísà ṣe. Ó bi í léèrè bóyá ẹṣin máa ń ní ìyẹ́. Aisha ní ṣé kò tíì gbọ́ pé Ànábì Sulaiman ní àwọn ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ ni? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì rẹ́rìn-ín. Ẹṣin tí ó ní ìyẹ́ kì í ṣe irọ́ níbi tí gbogbo ojú ti rí àkísà. Ohun tí a finú rò, tí a sì mọ̀ sí ohun tí a finú rò, ẹ̀sìn wa kò bá a jà.

Ìpín mẹ́ta

Láti inú ẹ̀rí wọ̀nyí, a lè pín ẹ̀yìn àwòrán sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni ẹ̀yìn tí kò sọ nǹkan kan: àwọ̀ funfun fún ìwé ìrìnnà, àwọ̀ búlúù lásán, òdòdó, tàbí bíbo yàrá ẹni lójú nígbà ìpàdé orí fóònù. Èyí tọ́. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ohun tí ó dára bí ó bá jẹ́ láti bo ìdílé ẹni lójú àjèjì. Àmọ́ bí àjọ tí a fẹ́ fi fọ́tò fún bá sọ pé òun kò fẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà ti fọwọ́ kàn, àdéhùn ni; mùsùlùmí a sì máa mú àdéhùn ṣẹ.

Èkejì ni ẹ̀yìn eré àti ti ìrántí, tí àṣà àwọn olùwò mọ̀ sí bẹ́ẹ̀: ọmọdé lórí òṣùpá, ọ̀dọ́mọbìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi ńlá tí kò sí ní ìlú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ òfin sọ pé àṣà ní ẹnu nínú ìdájọ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́, kò sí ẹni tí a tàn.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn tí ó jẹ́ ẹ̀rí. Èyí ni ẹ̀yìn tí ó ń sọ pé ènìyàn ti ṣe iṣẹ́ kan, tàbí ó ní ohun kan, tàbí ó mọ ẹnìkan, tí àwùjọ sì máa ń fi ohun kan san án fún un. Ọkùnrin tí ń wá aya, tí ó fi ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ sí ẹ̀yìn, ń wá ìyọ́nú àwọn òbí ọmọ. Oníwàásù tí ó fi èrò rẹpẹtẹ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, tàbí tí ó fi ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣéù ńlá tí kò bá pàdé rí, ń wá ìgbẹ́kẹ̀lé tí àwọn mìíràn fi ọ̀pọ̀ ọdún ìmọ̀ wá. Ẹni tí ó fi àwọn ọmọ aláìní sí ẹ̀yìn láti fi tọrọ sàráà ń gba owó. Gbogbo èyí wọ inú òkìtì oníhóró náà, ó sì jẹ́ harámù ní ìwọ̀n ìgbà tí ó bá ti lè tan olùwò.

Kábà wọ inú ìpín kẹta yìí, ó sì le ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ní àwùjọ wa, Hájì jẹ́ ìjọsìn, ó sì tún jẹ́ oyè. A ń pe ẹni tí ó lọ ní Alájì tàbí Alájà títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. A ń fún un ní ààyè ìjókòó, a ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀tọ̀. Súrà Āl Imrān, àáyá 188, kìlọ̀ ìyà fún àwọn tí wọ́n fẹ́ràn kí a máa yìn wọ́n fún ohun tí wọn kò ṣe. Kò sí ohun tí ó bá àáyá yìí mu ju oyè ìjọsìn tí a kò ṣe.

Àtakò àti èsì

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé: "Gbogbo ènìyàn ló ti mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni." Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ ní àwùjọ kan, fọ́tò náà ti bọ́ sí ìpín kejì, a kò sì ní jà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni fọ́tò lè dán ara rẹ̀ wò pẹ̀lú ìbéèrè kan: bí wọ́n bá kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gàdàgbà pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ṣé yóò ṣì gbé e kọ́ sí pálọ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹṣin Aisha ni. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó mọ̀ pé ẹnìkan wà tí òun fẹ́ kí ó gbà á gbọ́.

Àtakò kejì ni pé: "Èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo lọ, olùwò ni ó rò bẹ́ẹ̀." Èyí ni ọ̀rọ̀ onítumọ̀ méjì. Àwọn onímímọ̀ gbà á láàyè nígbà tí bùkátà bá wà, bíi láti gba ẹ̀mí là. An-Nawawi sì sọ pé ó di harámù bí a bá fi gba ohun tí kò tọ́ sí ni. Ọlá tí kò tọ́ sí ni wà nínú ohun tí kò tọ́ sí ni. A kò sì mọ bùkátà tí ó wà nínú kí aládùúgbò ẹni rò pé a ti lọ sí Mọ́kà.

Àtakò kẹta ni ó yẹ kí a fi ọ̀wọ̀ dá lóhùn, nítorí pé omijé wà nínú rẹ̀: "Àdúrà ni. N kò ní owó rẹ̀, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀." Ọ̀pọ̀ ni ó wà nípò yìí. Owó Hájì ti ga ju agbára òṣìṣẹ́ kékeré lọ. Àwọn tí wọ́n tilẹ̀ ti tọ́jú owó rí i ní ọdún 2020 àti 2021, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kò jẹ́ kí wọ́n gba arìnrìn-àjò Hájì láti òkèèrè, pé owó nìkan kọ́ ni ó ń gbéni débẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú láìdé Mọ́kà, tí ó sì fi Kábà sí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ nínú ìwé ìkéde fìdáù, ìfẹ́ ni ó ṣe é.

Èsì wa wà nínú ìtàn Tábúkù, ní ọdún kẹsàn-án Híjírà. Súrà Tawba, àáyá 92, mẹ́nu ba àwọn tí wọ́n wá bá Ànábì (SAW) pé kí ó fún wọn ní ohun gígùn, tí kò rí fún wọn, tí wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú omijé nítorí pé wọn kò ní ohun tí wọn yóò ná. Búkhárì sì gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Anas pé Ànábì sọ fún àwọn tí wọ́n lọ pé àwọn kan wà ní Mẹ̀dínà, tí kò sí ọ̀nà tàbí àfonífojì tí ẹ gbà tí wọn kò bá yín gbà á. Àwáwí tòótọ́ ni ó dá wọn dúró. Ẹ wo ọlá tí Ọlọ́hun fi fún ẹni tí kò lọ! Wọn kò rìn ín, a sì kọ ọ́ fún wọn bí ẹni tí ó rìn ín. Nínú ìtàn kan náà ni àwọn tí wọ́n fi irọ́ bo àìlọ wọn wà, Ànábì gba ti òde ara wọn, ó sì fi ti inú sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ka‘b ọmọ Malik kò ní àwáwí; ó sọ òtítọ́, ó fi àádọ́ta ọjọ́ jẹ ìyà rẹ̀, Ọlọ́hun sì gba ìrònúpìwàdà rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé òtòṣì tí ó fẹ́ Kábà tọkàntọkàn kò ṣófo. Hádíìsì Ibn Abbas fi yé wa pé ẹni tí ó bá gbèrò iṣẹ́ rere tí kò rí i ṣe, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ní rere pípé. Níyà rẹ̀ jẹ́ ohun ìní rẹ̀. Nígbà tí ó bá wá ra fọ́tò tí ó sọ pé òun ti lọ, ohun tí ó níye lórí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ni ó ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ohun tí ó níye lórí lójú aládùúgbò. Ọjà àdánù ni. Ní ti bàbá tí ó kú, àwọn onímímọ̀ púpọ̀ gbà pé a lè bá òkú ṣe Hájì, àdúrà àti sàráà ọmọ sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìfẹ́ ní ọ̀nà tí ó tọ́. Kí a má fi irọ́ kékeré kan sí orí orúkọ ẹni tí kò lè dìde láti tún un ṣe.

Ojúṣe ayàwòrán àti ti olùwò

Súrà Máídà, àáyá kejì, pa á láṣẹ kí a ran ara wa lọ́wọ́ lórí rere, kí a má ran ara wa lọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀. Ayàwòrán kò lè wádìí ọkàn gbogbo oníbàárà, a kò sì ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá sọ ohun tí ó fẹ́ fi fọ́tò ṣe, tí ó sì hàn pé ẹ̀tàn ni, owó iṣẹ́ náà ti ní àbùkù. Bí kò bá sì sọ, ayàwòrán lè ṣe ohun tí aṣọ ọlọ́dà máa ń ṣe: kí ó fi àmì sílẹ̀. Kí ó kọ orúkọ ilé-ìyàwòrán rẹ̀, ìlú àti ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ lè mọ̀.

Olùwò náà ní ojúṣe. Súrà Hujurāt, àáyá 12, kọ̀ fún wa láti máa fura sí ara wa àti láti máa tọ pinpin ara wa. Ẹni tí ó rí arákùnrin rẹ̀ níwájú Kábà nínú fọ́tò, èrò rere ni kí ó ní sí i. A kò kọ àpilẹ̀kọ yìí kí ẹnikẹ́ni lè máa fi ìka wo etí àwòrán àwọn ènìyàn. Àmọ́ ibí yìí gan-an ni ìpalára ìkẹyìn ti hàn: èrò rere tí Ọlọ́hun pa láṣẹ fún olùwò ni ẹlẹ́tàn ń jẹ. Bí ó bá sì pọ̀ títí tí èrò náà fi tán, ìyá àgbà tí ó fi ogún ọdún tọ́jú owó, tí ó lọ, tí ó sì ya fọ́tò kan ṣoṣo níbẹ̀, yóò fi í han àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, wọn yóò sì bi í léèrè bóyá kọ̀ǹpútà ni.

Ìkádìí

Àbájáde ọ̀rọ̀ wa ni pé pípààrọ̀ ẹ̀yìn àwòrán tọ́ ní ìpìlẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí fọ́tò fúnra rẹ̀ bá tọ́ lọ́dọ̀ ẹni. Ó kúrò ní títọ́ nígbà tí ẹ̀yìn náà bá di ẹ̀rí, tí ẹ̀rí náà kì í ṣe òtítọ́, tí ẹni tí ó ni ín sì fẹ́ gba ọlá, owó tàbí ìgbẹ́kẹ̀lé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́rùn ẹni tí ó fẹ́ tàn. Ayàwòrán bá a pín in bí ó bá mọ̀. Níbi tí ẹ̀rí bá ṣókùnkùn, kí a kọ òtítọ́ sí abẹ́ fọ́tò, ọ̀rọ̀ tán.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òde wa bá inú wa mu, kí Ó sì mú gbogbo ẹni tí ń ṣe àárò Ilé Rẹ̀ débẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara wọn. Āmīn.